Ta ni Marina? Ìbéèrè lórí orúkọ àwọn òpópónà wa ní Àgbádárìgì, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Olùkọ́ Etí Ọ̀sà béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Olùkọ́ ìmọ̀ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àgbádárìgì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ orúkọ òpópónà tí ilé wọn wà sínú ìwé, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè bí orúkọ náà ṣe jẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ìgbà tí mo kó ìwé wọn jọ sórí tábìlì ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo tó rí i pé mo ti dáwọ́ lé ohun tí apá mi nìkan kò lè ká.

Ọmọdébìnrin kan tí ilé wọn wà ní òpópónà Marina, tí kò jìnnà sí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kọ ọ́ báyìí pé: "Marina ni orúkọ ìyàwó òyìnbó tó kọ́kọ́ dé ìlú wa." Ó fi bírò pupa àti rúlà fàlà sábẹ́ gbólóhùn náà, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dá lójú hán-ún. Mi ò lè bá a wí, nítorí pé ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gba ojú ọ̀nà yẹn lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì béèrè rí. Ọmọ náà sì ní ìdí tirẹ̀. Bí ó bá bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Èkó, yóò rí Glover, yóò rí Campbell, yóò rí Bourdillon lára pátákó, wọ́n á sì sọ fún un pé òyìnbó kan ni ẹni wọ̀nyẹn jẹ́ láyé ìjọba amúnisìn. Kí ló dé tí Marina náà kò fi ní jẹ́ ènìyàn?

Ọmọkùnrin kan kọ orúkọ méjì fún ibì kan ṣoṣo. Ó kọ́kọ́ kọ èyí tó wà lára pátákó, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Màmá àgbà kò mọ orúkọ yìí. Ahovikoh ni wọ́n ní kí n kọ." Mo ka ìlà yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹta, mi ò sì mọ máàkì tí ó yẹ kí n fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi là yé àwọn ọmọ yìí ni ọ̀nà tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa, àti bí àwọn baba wa ṣe ń sọ orúkọ ojú ọ̀nà àti àdúgbò kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Wọ́n tún bi mí bóyá ó yẹ kí a pa àwọn orúkọ ìgbà náà rẹ́. Mi ò tíì dá wọn lóhùn lórí èyí.

Àgbà Ahovikoh dáhùn pé:

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan lórí àwọn ọmọ wa. Ẹ bá mi sọ fún ọmọdébìnrin yẹn pé Marina kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ítálì àti Sípéènì ni, ó wá láti inú èdè Látìn tó ń pe òkun ní "mare", ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju etí omi lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló yá a, tí wọ́n ń fi í pe ọ̀nà tí wọ́n bá là sí etí omi níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Nígbà tí wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní ọdún 1861, ọ̀nà etí ọ̀sà ibẹ̀ di Marina. Marina wà ní Calabar náà. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ti Èkó, ní 1863, ni wọ́n gba Àgbádárìgì mọ́ tiwọn, àwa náà sì ní Marina tiwa. Ẹ rí i pé orúkọ tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè kó sínú àpótí rẹ̀ láti ìlú kan dé èkejì ni, bí ìgbà tí akọ̀wé bá ń gbé òǹtẹ̀ kiri, tí kò sì ní bi onílé léèrè ohun tí ó ń pe ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀.

Àwọn ará Èkó ní tiwọn kò fi ẹnu gbà á. Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì ni àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ń pe Marina, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà wọn títí di òní.

Apẹja ni bàbá mi. Bí ó bá ń tún àwọ̀n ṣe, tí ó sì fẹ́ kí n gbé oúnjẹ wá, á ní kí n bá òun létí omi, kò pe ibẹ̀ ní nǹkan mìíràn rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ní àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà lókè lápá ọ̀tún, olùkọ́ wa mú ẹfun, ó kọ "Marina, Badagry" sójú pátákó, ó ní kí àwa tí ilé wa wà lápá ibẹ̀ dà á kọ. Mo dà á kọ dáadáa. Nígbà tí mo délé, mo kà á fún bàbá mi sókè, inú mi sì ń dùn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Níbo nìyẹn?" Ilé wọn tí wọ́n jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. Ohun kan náà ni bàbá mi àti òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn ń sọ, etí omi ni àwọn méjèèjì ń pe ibẹ̀. Ti ẹni tó mú kálàmù lọ́wọ́ ló wà lára pátákó, ti bàbá mi sì wà lẹ́nu títí ó fi bá wọn lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí ẹ bèèrè wà.

Ẹ mú àwọn ọmọ náà rin ọ̀nà yẹn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n wo ẹni tó jókòó sí etí omi láyé àtijọ́, wọn á mọ ìdí tí kálàmù fi wà lọ́wọ́ ẹni tó wà. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí CMS, ìjọ ajíhìnrere Gẹ̀ẹ́sì, kọ́, tí wọ́n parí ní ọdún 1845, wà níbẹ̀, ọdún yẹn gan-an sì ni Àjàyí Crowther bá àwọn òyìnbó ajíhìnrere méjì, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí ìlú wa, tí wọ́n dúró kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún wọn. Ẹ mú wọn dé ibi tí igi Agia dúró sí, tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní ọdún 1842. Igi náà ti wó ní 1959, ṣùgbọ́n òkúta ìrántí wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, náà wà ní ìlú yìí. Ìjọ onígbàgbọ́, ìjọba àti oníṣòwò ni wọ́n ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí òkè òkun láti etí omi yẹn, orúkọ tí wọ́n sì kọ sínú ìwé náà ló wọnú àwòrán ilẹ̀.

Ní ti bí àwọn baba wa ṣe ń sọ orúkọ, bí ìlú àwa Ògù, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, ṣe tò ló ń sọ ọ́. Àdúgbò mẹ́jọ ni Àgbádárìgì pín sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìjòyè tirẹ̀, irú bíi Ahovikoh, Boekoh, Jegba, Posukoh àti Awhanjigoh. "Ahovi" ni ọmọ ọba ní èdè Ògù, ibẹ̀ ni orúkọ Ahovikoh sì ti wá. Nítorí náà, bí ìyá àgbà ọmọkùnrin yẹn bá ní Ahovikoh, ohun tí wọ́n sọ ju àdírẹ́sì lọ, nítorí wọ́n ti sọ ìdílé tó ni ilẹ̀ àti ẹni tí ẹjọ́ ibẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Vlekete tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọjà ẹrú, orúkọ òrìṣà ni kí ó tó di orúkọ ọjà. Ẹ fún ọmọ yẹn ní máàkì tó pé.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ dáhùn pé:

Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, omi sì lé ròrò sí mi lójú níbi tí wọ́n ti ní "Níbo nìyẹn?"

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un. Bí a bá sọ pé ìtàn ìjọba amúnisìn ló bí orúkọ kan, ọ̀pọ̀ a máa rò pé orúkọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òyìnbó, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan wà tí wọ́n jẹ́ Yorùbá pọ́nńbélé, tó sì jẹ́ pé ìbọn òyìnbó ló bí wọn. Ìlú mi jẹ́rìí sí i.

Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sí i. Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ forí lé, wọ́n sì gbà wọ́n síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni Ẹ̀pẹ́ ti di méjì nínú ọ̀kan: Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́, àti Èkó Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá Kòsọ́kọ́ wá. Ẹ̀pẹ́ náà ni Benjamin Campbell, kọ́ńsù tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, bá a ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854 tí wọ́n fi jọ tọwọ́ bọ àdéhùn. Nígbà tí a bá ń ṣe Káyọ̀káyọ̀, tí gbogbo ọ̀nà kún fún ènìyàn, ìrántí ìgúnlẹ̀ yẹn la ń ṣe. Títí di òní, bí ẹnìkan bá bi ọmọ Ẹ̀pẹ́ léèrè apá ibi tí ilé rẹ̀ wà, kò ní kọ́kọ́ ka orúkọ títì fún un. Á ní Èkó Ẹ̀pẹ́ ni òun, tàbí Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ẹni tó béèrè á sì mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní apá kejì. Ní ọdún 1862, Kòsọ́kọ́ gba àṣẹ láti padà sí Èkó, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìlú náà tán. Òun àti Òṣòdì Tápà, tí ó jẹ́ akọni rẹ̀, kó ọ̀pọ̀ ènìyàn padà, wọ́n sì fún Òṣòdì ní ilẹ̀ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè rí ibi gbé. Ibi tí wọ́n tẹ̀ dó sí yẹn ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Erékùṣù Èkó. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, Ẹ̀pẹ́ tẹ̀ dó. Àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n di Èkó lójú àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Wọ́n padà sí Èkó, wọ́n di Ẹ̀pẹ́ lójú àwọn ará Èkó. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ni wọ́n fi sọ orúkọ wọn ní ìhà méjèèjì, kò sì sí gómìnà kan tó kọ ọ́ sínú ìwé kí ó tó dúró. (Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yìí kan náà ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní oṣù Kẹfà ọdún 1994. Ìtàn mìíràn nìyẹn, mo kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé orúkọ ibì kan lè ru ẹrù ju ẹyọ kan lọ.)

Bí olùkọ́ wa bá wá ń kọ́ wọn, kí wọ́n má ṣe fi mọ sórí orúkọ òyìnbó nìkan. Campbell tí mo dárúkọ yìí ní òpópónà ní Erékùṣù Èkó. Ìyá Tinúbú tí Campbell yìí ṣe sábàbí tí wọ́n fi lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, òun náà ní Ìta Tinúbú ní erékùṣù kan náà. Wọ́n sọ ibẹ̀ di Gbàgede Òmìnira fún ìgbà kan lẹ́yìn ọdún 1960, àwọn ènìyàn kò yé pè é ní Ìta Tinúbú, orúkọ yẹn ló sì padà sórí pátákó. Ẹni tó léni àti ẹni tí wọ́n lé, a lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì lónìí.

Awọnlẹ̀ Ìkòròdú dáhùn pé:

Mo kí ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo ń ṣe ní Ìkòròdú láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, orúkọ ojú ọ̀nà sì wà lára ohun tí mo fi ń jẹun. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti rí nídìí iṣẹ́ náà.

Lójú mi, ogún tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àṣà fífi orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo pe ọ̀nà gbọọrọ láti orí dé ìdí. Àwọn baba wa kì í sọ ọ̀nà lórúkọ bẹ́ẹ̀. Oríta ni wọ́n ń sọ lórúkọ, tàbí ìta, òkè, ìsàlẹ̀, ìdí igi, ojúde baálé kan, ojú odò, ojúbodè. Ibi tí ènìyàn ti ń dúró, tí wọ́n ti ń ná ọjà, tí wọ́n ti ń san owó ibodè, ni ó máa ń ní orúkọ. Ní ti ọ̀nà fúnra rẹ̀, ibi tí ó lọ ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ wo Ìkòròdú lónìí: Lagos Road, Sagamu Road, Ijede Road. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú rẹ̀, ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Ṣàgámù àti ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ tí ìyá mi ń pè é náà ló kù. Àwọn wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí wa rárá, àfi Lagos fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn Potogí ni, tó túmọ̀ sí adágún omi. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Èkó ń gba ọ̀nà tí orúkọ rẹ̀ ti Lisbon wá.

Ibi tí ẹ ó ti rí ti amúnisìn gangan ni Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ní ọdún 1867, wọ́n lé àwọn onígbàgbọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé, John Hawley Glover tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà sì fún wọn ní ilẹ̀ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ó fi okùn wọn ilẹ̀ náà, ó pín in sí ìlà gbọọrọ gbọọrọ, títì ń gba inú títì kọjá bí ojú ewé ìwé ìṣirò. Ọ̀nà tó rí báyìí kò ní igi, kò ní ojúde baálé, kò ní ọjà tó lè fún un ní orúkọ, nítorí pé a là á kí ẹnikẹ́ni tó gbé ibẹ̀. Nítorí náà, orúkọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láti òkè wá. Ẹ lọ ka orúkọ títì ibẹ̀, ẹ ó bá Freeman, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe gómìnà Èkó, ẹ ó bá Denton, ẹ ó bá Clifford tó ṣe gómìnà Nàìjíríà láti 1919 sí 1925. Glover náà kò gbàgbé ara rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá sí Ìkòyí, àwọn gómìnà mìíràn tò lọ bẹ́ẹ̀: Lugard, Cameron, Bourdillon, Macpherson.

Glover yìí kì í ṣe àjèjì sí Ìkòròdú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, nígbà tí ogun Ẹ̀gbá dó ti ìlú wa, àwọn ọmọ ogun tó rán wá ló tú wọn ká. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkòròdú kò ní fẹ́ kí a fi gbogbo ẹnu bú u, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ẹ̀gbá kò ní fẹ́ kí a yìn ín. Ìdí nìyí tí mo fi ń kìlọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ ka orúkọ pátákó bí ìwé ẹjọ́ tí ìdájọ́ rẹ̀ ti parí.

Ẹ sì wo ohun tí a ń fi ọwọ́ ara wa ṣe. Títì tuntun tí a bá là lónìí, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ilé síbẹ̀, tàbí ti olóyè, tàbí ti olóṣèlú la fi ń pè é. Inú mi dùn sí T.O.S. Benson Road tí a ní, nítorí ọmọ Ìkòròdú tó ṣe mínísítà nínú ìjọba àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira ni ẹni náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà bọlá fún un yẹn, ọwọ́ Glover la ti kọ́ ọ.

Ní ti yíyí orúkọ padà, mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìdílé kan gbé ìwé ilẹ̀ bàbá wọn wá bá mi. Ìwé náà ti pọ́n, ó ti gé sí méjì níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ, téèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wọ́n kọ ààlà ilẹ̀ náà síbẹ̀ pé ó bá "ọ̀nà tó lọ sí odò" pàdé. Ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ìwé náà ní láti gbà kọjá, ọ̀nà yẹn ti jẹ́ orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ta kú pé ọ̀nà mẹ́ta ni. Oṣù méjìdínlógún ni a fi ń lọ tí a fi ń bọ̀. Àgbà ìdílé náà kú nínú oṣù kẹrìnlá, kò rí òpin ọ̀rọ̀ náà. Èmi kò sọ pé kí a má ṣe yí orúkọ padà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ẹ bá máa yí i, ẹ kọ ti àtijọ́ sínú ìwé níbi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ti rí i.

Ọmọ Àjàrá dáhùn pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rọ̀. Ìlú yìí ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wa sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, tí ọ̀pọ̀ kò sì padà wá. Kí ló kàn wá láti máa fi orúkọ àwọn tó wá jẹ gàba lé wa lórí pe ibi tí a ń gbé? Àwọn ará Èkó ti yí púpọ̀ nínú tiwọn padà. Victoria Street di Nnamdi Azikiwe, Kingsway di Alfred Rewane, Queen's Drive di Oyinkan Abayomi. Kí àwa náà pa tiwa rẹ́ pátá, kí a sì fi orúkọ àwọn akọni wa rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tó ń rí orúkọ ọ̀gá lára ògiri lójoojúmọ́, ọkàn rẹ̀ a máa tẹ̀ ba láìmọ̀.

Àgbà Ahovikoh dáhùn pé:

Ọmọ mi, mo gbọ́ ìbínú rẹ, mi ò sì pè é ní àṣejù. Ilé tí mo ń gbé kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń já ẹrú sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Gberefu, mo ti mú àlejò débẹ̀ tí wọ́n sunkún tí wọn ò lè dìde.

Ṣùgbọ́n wo Broad Street ní Èkó. Wọ́n sọ ọ́ di Yakubu Gowon, wọ́n tún dá a padà sí Broad Street, nítorí pé ẹnu àwọn ènìyàn kò tẹ̀ lé pátákó. Ìjọba ọmọ ilẹ̀ wa náà ń ṣe ohun tí gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ṣe: ó jókòó sí ọ́fíìsì, ó fọwọ́ sí ìwé, ó ní kí àwọn ènìyàn máa pè é bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ Marina lónìí tí a fi orúkọ olóṣèlú kan sí i, ṣé bàbá mi kò tún ní béèrè pé "Níbo nìyẹn?"

Wo Séríkì Abass náà, tí àwọn àlejò ń lọ wo ilé ńlá tí wọ́n ń kó ẹrú sí ní agbolé rẹ̀. Ifáremílẹ́kún ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Abass ni orúkọ ẹni tó rà á ní Dàhòmì, Williams sì ni orúkọ oníṣòwò ẹrú tó rà á lẹ́yìn ìyẹn. Ẹrú ni, ó padà di olówó ẹrú, ó di ọlọ́lá ní ìlú yìí, ó sì ń jẹ́ gbogbo orúkọ náà títí tó fi kú. Bí o bá yọ Abass àti Williams kúrò lára ògiri yẹn kí ojú má bàa tì wá, báwo ni ọmọ tó bá wọ ibẹ̀ yóò ṣe mọ ọwọ́ tí bàbá yẹn ti kọjá?

Ìmọ̀ràn mi nìyí: kí a kọ méjèèjì. Ahovikoh lókè, gàdàgbà, Marina lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Èkó tilẹ̀ fi ọ̀nà kan hàn wá nínú Ajele Street tiwọn. Ajẹ́lẹ̀ ni aṣojú tí Ọ̀yọ́ ń fi sí ìlú tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì dé, àwọn ará Èkó wò ó, wọ́n mọ iṣẹ́ tó wá ṣe, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ní nílé pè é. Orúkọ ìgbà amúnisìn ni Ajele Street, ẹnu tiwa ló sì fi sọ ohun tí ojú tiwa rí.

Ọmọ Àjàrá dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo gbà pé kí a kọ méjèèjì, bí tiwa bá wà lókè lóòótọ́. Lugard ní Ìkòyí ni ọkàn mi kò tíì gbà.

Olùkọ́ Etí Ọ̀sà dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Lánàá, mo ka ìtàn lẹ́tà bàbá fún kíláàsì mi. Ọmọdébìnrin tó fi bírò pupa fàlà ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Ó ní òun fẹ́ tún tòun kọ.

Ní báyìí, a ti lẹ káàdì ńlá mẹ́rin pọ̀ sára ògiri ẹ̀yìn kíláàsì, a sì ń ya àwòrán ìlú sí i, láti etí ọ̀sà wọ inú. Bírò dúdú ni a fi ń kọ ohun tó wà lára pátákó, ti pupa wà fún ohun tí àwọn àgbà ilé bá sọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ ìdílé ẹni tó sọ fún un àti ọjọ́ tó gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀ wa ṣe gbà wá nímọ̀ràn. Àwọn méjì tí òbí wọn wá láti Ẹ̀pẹ́ ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó sí igun kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Àgbádárìgì, mo sì ti gbà fún wọn.

Etí Marina ti pọ́n dé ìdajì. Bàbá Ahovikoh, àwọn ọmọ ní kí n bi yín bóyá ẹ lè wá ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí ẹ wá fi ìka tọ́ka sí ibi tí bàbá yín ti ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un.